Àbáwọlé Àárín Búrẹ́dì àti Táyà

Ìlú kékeré ni, ṣùgbọ́n títì tó gba àárín rẹ̀ kọjá kì í ṣe títì kékeré. Títì márosẹ̀ ni. Tírélà ń lọ, bọ́ọ̀sì ń bọ̀, ọkọ̀ tó gbé igi, ọkọ̀ tó gbé sìmẹ́ńtì, gbogbo wọn a máa rọ́ kọjá bí ẹni pé ilé ń jó níbi tí wọ́n ń lọ. Ẹ̀gbẹ́ títì yìí ni gbogbo ayé sì kó ọjà wọn sí. Ta ni yóò lọ fi ṣọ́ọ̀bù pamọ́ sí kọ̀rọ̀ nígbà tí oníbàárà ń sáré kọjá lórí ọ̀dà? Ẹni tó ń ta táyà wà níbẹ̀, ajórin wà níbẹ̀, aránṣọ, oníbúlọ́ọ̀kù, onílé-epo. Ẹni tó ń ta pósí pàápàá wà níbẹ̀, ó kọjú sí ilé ìwòsàn gan-an, àwọn èèyàn a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkùnrin náà mọ ẹnu ọ̀nà tí oníbàárà rẹ̀ yóò gbà jáde.

Olúkúlùkù ló gé àbáwọlé tirẹ̀ sórí títì. Bí èèyàn bá ti gba ṣọ́ọ̀bù, á da yanrìn dí gọ́tà níwájú rẹ̀, á tẹ́ pákó lé e, ó di ọ̀nà. Ọkọ̀ kan á yà lójijì láìṣe àmì, òmíràn á máa fẹ̀yìn rìn bọ̀ sórí títì, awakọ̀ rẹ̀ á na ọwọ́ síta bí ẹni pé ọwọ́ náà lè dá tírélà dúró.

Obìnrin tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti tún rúdurùdu yìí ṣe wà ní kánsù. Olùṣètò Ìlú ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ṣùgbọ́n ará ìlú kò mọ èyí tó ń jẹ́ olùṣètò. Ẹ̀ńjíníà ni wọ́n ń pè é. Ó ti ṣàlàyé títí pé òun kì í ṣe ẹ̀ńjíníà, pé ẹ̀ńjíníà ló ń ṣe títì, òun ló ń sọ ibi tí títì yóò gbà àti ohun tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n á gbọ́ ọ tán, wọ́n á ní, “Ó ti yé wa, Ẹ̀ńjíníà.” Nígbà tó yá, ó fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Ìyá Oníbúrẹ́dì. Kékeré ló ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewú ti yọ lórí Kékeré, tí orúnkún sì ti ń dùn ún bó bá gun àtẹ̀gùn. Ìyá wọn kú nígbà tí Kékeré kò tíì mọ bí a ṣe ń so okùn bàtà. Ẹ̀gbọ́n kúrò níléèwé, ó lọ kọ́ṣẹ́ búrẹ́dì, ooru ààrò ló sì fi tọ́ àbúrò títí ó fi gboyè. Iná ti jó irun ìpéǹpéjú rẹ̀ kan dànù, kò sì hù mọ́. Bí wọ́n bá bi í, á ní, “Ó wà lára ìwé ẹ̀rí Kékeré. Ẹ lọ wò ó níbẹ̀.”

Ẹ̀gbẹ́ títì ni ilé búrẹ́dì náà wà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn kò nílò kí wọ́n júwe rẹ̀ fún un, imú rẹ̀ ni yóò mú un dé ibẹ̀. Á yà, àwọn èrò á na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, àwọn ọmọ iṣẹ́ á sáré jáde pẹ̀lú búrẹ́dì tó gbóná felifeli. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò jẹ́ kí Ìyá Oníbúrẹ́dì rímú mí ni aládùúgbò rẹ̀, Bàbá Onítáyà, bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń fi ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan wá ìjà bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́.

“Èéfín rọ́bà rẹ ti wọ inú búrẹ́dì mi!” Ìyá Oníbúrẹ́dì á pariwo láti ẹnu ilẹ̀kùn.

“Táyà tèmi ńkọ́, tó ń rùn bíi ṣúgà?” Bàbá Onítáyà á dá a lóhùn. “Èèrà ti ń gun ọkọ̀ àwọn oníbàárà mi!”

Láràárọ̀ ni. Àwọn tó ń kọjá a máa dúró gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ oníbúlọ́ọ̀kù fẹ̀yìn jáde sórí títì, ó sì gbá olùkọ́ kan tó ń gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́. Iwájú ilé búrẹ́dì ló ṣubú sí. Kí wọ́n tó gbé e dìde, ẹ̀mí ti bọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló mú àpò fúláwà tó mọ́ jáde, tó fi bo ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó wá sí kánsù, kò jókòó, kò béèrè omi.

“Kékeré,” ó ní, “bí ìwé tí o kà bá wúlò fún ohunkóhun láyé yìí, ṣe nǹkan sí títì yẹn.”

“Màá ṣe é, Àǹtí mi.”

“Má ṣe é ní àbọ̀.”

“Mi ò ní í ṣe é ní àbọ̀.”

Kò sì ṣe é ní àbọ̀. Ó rin títì náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, tòun ti okùn ìwọ̀n àti bàtà rọ́bà, ó wo ibi tí ọkọ̀ ti ń yà, ó wo ibi tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń dá kọjá. Ohun tó pinnu kò ṣòro láti yéni. Pèpéle kọnkéré yóò wà láàárín títì, kí ọkọ̀ má baà máa já lu ara wọn. Wọn yóò dí àbáwọlé tí olúkúlùkù gé fúnra rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mélòó kan ni yóò máa pín ẹyọ kan lò. Ọ̀nà kan yóò gba ẹ̀yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ẹrù yóò máa gbà. Àwọn tí iṣẹ́ wọn ń pariwo tàbí tó ń da eruku, bí ajórin àti oníbúlọ́ọ̀kù, yóò kó lọ sí ilẹ̀ tí kánsù ní lẹ́yìn ilé epo. Iṣẹ́ tó mọ́gbọ́n dání ni. Títí di òní, kò sí ẹni tó lè ní kò mọ́gbọ́n dání.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ọ̀ràn ni ibi tí àbáwọlé kọ̀ọ̀kan yóò wà. Ní apá ilé búrẹ́dì, ibi tó dára jù lójú Kékeré ni ààlà tó wà láàárín búrẹ́dì àti táyà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ó jìnnà sí oríta, awakọ̀ sì lè rí i láti òkèèrè. Bí Bàbá Onítáyà bá yọ̀ǹda díẹ̀ lára ilẹ̀ tirẹ̀, tí Ìyá Oníbúrẹ́dì náà yọ̀ǹda díẹ̀, ó ti parí. Ó fi pẹ́ńsùlù fà á síbẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀, akọ̀wé àgbà kánsù, wá wo iṣẹ́ náà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, irú àwọn tí kì í fẹ́ kí ariwo gba iwájú ọ́fíìsì wọn kọjá. Ó fi ìka lé ibẹ̀.

“Ta ló ni ilé yìí?”

“Ilé búrẹ́dì ni, sà.”

“Mo mọ̀ pé ilé búrẹ́dì ni. Ta ló ni búrẹ́dì?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà.”

Akọ̀wé àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún. “Èmi ò sọ nǹkan kan o. Iṣẹ́ yín dára. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹnu ará ìlú. Wọ́n á ní ẹ fi títì ìjọba ṣe ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n yín.”

Kò pàṣẹ, kò sì kọ̀. Ó kàn jáde lọ, ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì jókòó ti Kékeré bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ.

Gbogbo ọdún tó ti lò ní kánsù, kò sí ẹni tó fi ìka kan orúkọ rẹ̀ rí. Orúkọ mímọ́ yẹn ló fi ń sùn, òun ló fi ń jí. Ó wá ń gbọ́ ohùn oníbúlọ́ọ̀kù nínú orí ara rẹ̀: “Wọ́n lé àwa lọ sẹ́yìn ilé epo, wọ́n fi ẹ̀gbọ́n wọn síwájú.” Ó tún rò ó pé Bàbá Onítáyà wo ni yóò fún Ìyá Oníbúrẹ́dì nílẹ̀? Ẹni tí kò lè fún un láàyè kó mí! Ó ní bí òun bá lọ bẹ̀ ẹ́, á kọ̀, á sì lọ pariwo rẹ̀ káàkiri pé Ẹ̀ńjíníà wá tọrọ ilẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nítorí náà, kò bi Bàbá Onítáyà. Ó pa ohun tó fi pẹ́ńsùlù fà rẹ́, ó gbé àbáwọlé náà lọ sí òdìkejì ṣọ́ọ̀bù táyà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Ilé búrẹ́dì wá ku ẹ̀yìn nìkan.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀nà ẹ̀yìn yóò tó ẹ̀gbọ́n òun, pé ọjà tó dára kì í ṣàìrí olùrà. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún sì mọ̀ pé kò sí awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń wá búrẹ́dì lọ sẹ́yìn ilé.

Ó kù kó lọ sọ fún un. Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n máa ń jẹun pọ̀ ní ilé ẹ̀gbọ́n. Ó lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ dé ẹnu rẹ̀, ó sì fi omi gbé e mì.

“Iṣẹ́ wa ńkọ́?” ni ẹ̀gbọ́n bi í.

“Ó ń lọ dáadáa, Àǹtí mi.”

“Mo ti sọ fún gbogbo awakọ̀. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé àbúrò mi ló ń bọ̀ wá tún títì yìí ṣe.” Ó bu oúnjẹ kún àwo Kékeré. “Jẹun. O ti ń rù.”

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọmọ ẹ̀gbọ́n wá kí wọn láti ìlú tó ń gbé, Kékeré ní kò yẹ kí òun ba ìdùnnú jẹ́. Èyí tó tẹ̀lé ìyẹn, orí ń fọ́ ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ kì í ṣàìrí àwáwí.

Ọjọ́ ìpàdé ará ìlú pé. Wọ́n lẹ máàpù ńlá mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn kánsù, gbogbo oníṣọ́ọ̀bù sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì jókòó síwájú. Ó ti kúrò nídìí ààrò láti òwúrọ̀, ó ti wẹ̀, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sóde pàtàkì, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ tó tọ́. Nígbà tí Kékeré ṣàlàyé tán, tí wọ́n ní ẹni tó bá ní ìbéèrè kó dìde, ó dìde, ó lọ dúró níwájú máàpù, ó ń fi ìka tọ etí títì náà lọ. Ìka dé ilé epo, ó dé táyà, ó dúró.

“Èmi nìyí,” ó ní. “Mi ò rí àbáwọlé mi.”

Akọ̀wé àgbà wo orí tábìlì. Oníbúlọ́ọ̀kù na ọrùn bí ẹni tó ń retí kí nǹkan já bọ́.

Kékeré gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. “Màmá,” ó ní, “a dúpẹ́ fún ìbéèrè yín. Ẹ̀yìn ni àwọn oníbàárà yín yóò máa gbà. Bí ẹ bá ní àtakò, ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì.”

Màmá! Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò pe obìnrin yẹn ní Màmá rí. Àǹtí mi ló ń pè é. Màmá ni à ń pe ẹni tí a kò mọ̀ rí, tí a kàn fẹ́ kó tètè lọ jókòó. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó fẹ́ fà á padà, ṣùgbọ́n ẹyin ni ohùn, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́.

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ ṣeun, Ẹ̀ńjíníà. Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ.” Ó padà sí àyè rẹ̀.

Àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé ọ̀wọ̀ ni, wọ́n tilẹ̀ ń mi orí pé àgbà gidi nìyí. Bàbá Onítáyà nìkan ló dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó la ẹnu, ó tún pa á dé, ó jókòó.

Nírọ̀lẹ́, Kékeré lọ sílé ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ṣílẹ̀kùn fún un.

“Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀ńjíníà. Ẹ jókòó. Kí ni kí n bù fún yín?”

“Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀.”

“Báwo ni kí n ṣe pè yín? Ẹ̀yin ni ẹ ń ṣe títì.”

Ó bẹ̀, ó bẹ̀, ẹ̀gbọ́n ń dá a lóhùn jẹ́jẹ́, ó ń bu omi fún un, kò gbé ohùn sókè rárá. Ìbínú tó ń pariwo, èèyàn lè bá a jà. Èyí kò ní ibi tí èèyàn lè dì mú.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí Kékeré kọ sínú ètò ni pé ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe, kí wọ́n tó dí àbáwọlé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àlejò kì í wo ẹ̀yìn. Alága kánsù fẹ́ ohun tí ojú yóò rí, agbaṣẹ́ṣe sì fẹ́ ohun tó rọrùn, báyìí ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ mọ pèpéle àárín títì, wọ́n kùn ún ní funfun àti dúdú, wọ́n fi kọnkéré dí iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù. Kékeré jà. Ó kọ̀wé, ó lọ dúró lójú iṣẹ́, ó bá agbaṣẹ́ṣe fà á títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n ń sọ fún un pé ó kù díẹ̀. Òjò wá dé bá ọ̀nà ẹ̀yìn ní ilẹ̀ pupa. Ọkọ̀ tó ń gbé fúláwà bọ̀ rì sínú ẹrọ̀fọ̀, wọ́n ní láti máa fi orí ru àpò kọ̀ọ̀kan láti òkèèrè, òmíràn á sì ti rin kó tó dé. Àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó mọ Ìyá Oníbúrẹ́dì á fọn fèrè kí i, wọ́n á sì kọjá. Kò sí ibi tí wọ́n lè yà sí.

Títì náà ńkọ́? Títì náà dára. Èyí ló jẹ́ kó le fún Kékeré. Àwọn ọmọ iléèwé ń dá kọjá láìsáré. Ọ̀gá iléèwé tí olùkọ́ yẹn ti ń ṣiṣẹ́ wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń dúpẹ́ pẹ̀lú omi lójú. Kò sí ẹni tí ọkọ̀ tún gbá níbẹ̀. Ìbá jẹ́ pé títì náà burú ni, ìbá kórìíra rẹ̀, ìbá rí nǹkan gbé ẹ̀bi lé lórí. Títì kò ṣẹ̀ ẹ́.

Kí òjò ọdún kejì tó dá, ilé búrẹ́dì ti pa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n gbé ọkọ̀ wá láti kó ẹrù ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kékeré wá bá wọn palẹ̀ mọ́.

“Ẹ má da ara yín láàmú,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ẹ níṣẹ́.”

Kò lọ. Ó ń di páànù búrẹ́dì sínú pálí, ó ń gbá ilẹ̀ tí kò nílò gbígbá. Gbogbo nǹkan ni wọ́n kó tán àfi ààrò. Bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́, kò ṣeé gbé. Kékeré fi ọwọ́ kàn án nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó. Láti ìgbà èwe rẹ̀, kò tíì bá a ní tútù rí.

Nígbà tí ọkọ̀ náà lọ tán, ó rí Bàbá Onítáyà tó jókòó lórí táyà kan níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó káwọ́ lérán. Kékeré kí i. Bàbá gbé ojú sókè wò ó.

“Ta ni màá máa bá jà báyìí?” ó ní.

“Ẹ má bínú, Bàbá.”

“Ẹ̀ńjíníà, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Nígbà tí ẹ ń ya àwòrán yẹn, kí ló dé tí ẹ ò gbé àbáwọlé sáàárín wa, èmi àti ẹ̀gbọ́n yín? Ibẹ̀ ló tẹ́jú jù.”

“Mo rò pé ẹ ò ní í gbà ni, sà. Ìjà yín...”

“Ìjà!” Bàbá Onítáyà wò ó bí ẹni tó sọ pé oòrùn ń yọ lóru. “Ìjà ẹnu ni. Nígbà tí ìyàwó mi ń ṣàìsàn, ta ló ń gbé búrẹ́dì gbígbóná wá láràárọ̀ títí ó fi kú? Kò gba kọ́bọ̀. Á gbé e sílẹ̀ tán, á tún bú mi lórí èéfín. Ǹ bá fún un ní ilẹ̀ yẹn, ǹ bá tún fi pákó mi tẹ́ ẹ. Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ ìpàdé. Mo dìde, mo wá rò ó pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ló mọ ohun tí ẹ rí. Mo jókòó.” Ó mí kanlẹ̀. “Ó yẹ kí ẹ bi mí.”

“Ó yẹ kí n bi yín, sà.”

“Ó yẹ kí èmi náà sọ̀rọ̀.” Ó dìde, ó ń gbọn eruku dànù lára ṣòkòtò. “Àbámọ̀ kì í ṣáájú ọ̀rọ̀.”

Ẹnu Kékeré kò gba oúnjẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Kì í ṣe àbáwọlé nìkan ló ń rò. Ohun tó ń rò ni bó ṣe jẹ́ pé ìbéèrè ẹyọ kan, èyí tí kò ní í gba àkókò ju kí èèyàn rìn kọjá gọ́tà, ni òun fi ṣahun. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó lọ sí ìlú tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà.

Ó bá a ní bákónì ilé ọmọ rẹ̀, ó ń bó ọsàn, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ jù fún ọwọ́ oníbúrẹ́dì. Kékeré kúnlẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀: pẹ́ńsùlù, ọ̀rọ̀ akọ̀wé àgbà, orúkọ tí òun ń dáàbò bò, ohun tí Bàbá Onítáyà sọ. Kò fi nǹkan kan bò. Ẹ̀gbọ́n ń bó ọsàn lọ.

“Ẹ dìde,” ó ní. “Orúnkún yín ò dára.”

“Mi ò dìde, Àǹtí mi.”

Ọ̀bẹ dúró. Ẹ̀gbọ́n sọ ọsàn náà sínú abọ́, omi ọsàn ta sí wọn lára.

“Ṣé o rò pé àbáwọlé ló dùn mí?” Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè, àwọn aládùúgbò gbọ́ ọ. “Ṣé èmi kọ́ ni mo ní kí o tún títì ṣe? Ṣé èmi kọ́ ni mo bo òkú ọmọ yẹn? Bí o bá wá bá mi nílé, tí o ní, ‘Àǹtí mi, títì yìí máa gba ṣọ́ọ̀bù yín lọ,’ ǹ bá sunkún, ǹ bá ṣépè fún kánsù, ǹ bá bú ìwọ náà, tó bá sì di ọjọ́ kejì, ǹ bá dìde lọ wá ibòmíràn gbà nígbà tí apá mi ṣì le. Ṣùgbọ́n o wá ń jẹun mi! O ń jẹun mi, o ń wò mí lójú, o jẹ́ kí n máa fi ọ́ yangàn fún àwọn awakọ̀. O jẹ́ kí n wọ aṣọ dáadáa wá jókòó síwájú!”

Kékeré ń sunkún, síbẹ̀ nǹkan kan tó ti há a láyà láti ọjọ́ pípẹ́ tú díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹni yìí ti bá a wí gbẹ̀yìn.

“Ní ti Onítáyà,” ẹ̀gbọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, “alágídí yẹn? Ó máa fún mi. Èmi náà mọ̀ pé ó máa fún mi. Gbogbo ìlú mọ̀. Ìwọ nìkan lo ò mọ̀, nítorí pé ẹ̀rù ẹnu wọn ń bà ọ́ débi pé o ò jẹ́ kí wọ́n la ẹnu.”

Wọ́n jókòó títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Wọ́n jẹ ọsàn náà. Kékeré ní kí ẹ̀gbọ́n padà wá, pé òun yóò gbé àbáwọlé náà síbi tó yẹ kó wà, kódà bí wọn yóò bá lé òun kúrò níbi iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi orí. “Gbé e síbẹ̀. Ibẹ̀ ló tọ́ sí. Ṣùgbọ́n èmi ò padà mọ́. Ara mi ti mọ ìsinmi, apá mi ò ká ìdí ààrò mọ́. Ohun tó ti kọjá lọ ò ṣeé pè padà, Kékeré.”

Ó dárí jì í. Kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáríjì kò dáná sí ààrò.

Nígbà tí Kékeré padà dé, ó kọ̀wé pé òun fẹ́ gé àbáwọlé sáàárín ṣọ́ọ̀bù méjèèjì. Ó ti múra ìjà sílẹ̀. Akọ̀wé àgbà kà á, ó bi í pé ta ló wà nínú ilé búrẹ́dì báyìí, Kékeré ní kò sí ẹnì kan, ọkùnrin náà sì buwọ́ lù ú. Ó parí. Bàbá Onítáyà fún wọn nílẹ̀ ju èyí tí wọ́n béèrè lọ. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ló gba ilé náà. Wọ́n wó ààrò, wọ́n fi gíláàsì sí iwájú, ọkọ̀ sì ń yà síbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n wá parí ọ̀nà ẹ̀yìn náà, wọ́n tilẹ̀ gbin igi sí i.

Láti ìgbà náà, bí kánsù bá fẹ́ lẹ máàpù kankan mọ́ ògiri, Kékeré yóò ti dé ilé gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Aránṣọ kan tilẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí odidi ọ̀gá fi ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sọ ìròyìn burúkú. Ó ní, “Kí ẹ lè bú mi ní ìdákọ́ńkọ́ ni.” Obìnrin náà sì bú u dáadáa. Ó jókòó, ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á béèrè orúnkún rẹ̀, á béèrè bóyá òjò ń rọ̀, á ní kó kí Onítáyà, kó sì sọ fún un pé orí rẹ̀ ò pé. Kò béèrè ilé búrẹ́dì rí, Kékeré náà kò sì sọ ọ́. Bó bá sì ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, ọ̀nà ẹ̀yìn ló máa ń gbà, bó tilẹ̀ jìnnà díẹ̀. Ó máa ń sọ fún àwọn tó bá bi í pé òun fẹ́ràn ibòòji ibẹ̀ ni.